Ilé Kejì Ọ́nárébù

"Ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì yẹn bọ omi, Àǹtí. Bó bá gbẹ, wọ́n á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi í fọ ẹnu."

Ó-ti-parí ló ń sọ̀rọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, àpótí aṣọ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di bébà kan mú bí olùkọ́ tó fẹ́ pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ọmọ iṣẹ́ Aṣòfin ni. Ohunkóhun tí ọ̀gá rẹ̀ bá rán an, "Ó ti parí, sà" ló máa ń dáhùn, ì báà jẹ́ pé kò tíì dìde lórí àga. Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Iṣẹ́ tí ojú ì bá gba ẹlòmíràn tì láti jẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń rán an.

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, ó gbé e sínú ife. Aránṣọ ni, opó sì ni. Ilé tí wọ́n dúró sí yìí, òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ kafíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, òun náà fi owó ìránṣọ ra páànù tó wà lórí rẹ̀, ìdì kan lóṣù yìí, ìdì kan lóṣù mìíràn. Nígbà tí kafíńtà kú, àbúrò rẹ̀ tí í ṣe Aṣòfin ní kí wọ́n kó ìwé ilé fún òun, kí òun bá wọn tọ́jú rẹ̀ kó má bàa sọnù. Ó tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ó tọ́jú rẹ̀ débi pé ẹni tó ni ín kò tún fojú kàn án mọ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti kó opó lọ sí yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé, níbi tí kafíńtà ń kó pákó sí nígbà ayé rẹ̀, wọ́n sì ti ilé ńlá pa. Láti ọdún mẹ́ta wá, eruku nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Aṣòfin fúnra rẹ̀ wà ní olú ìlú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ.

"Kí ló tún kù?" ni Aránṣọ béèrè.

Ó-ti-parí wo bébà rẹ̀. "Ó ku aṣọ. Ẹ kó o kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gún régé jù. Ẹ ju ọ̀kan sórí àga, bí ìgbà tí Ọ́nárébù ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìgò omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n ti mu dé ìdajì."

"Ta ni yóò mu ún dé ìdajì?"

"Àǹtí, ẹ bá wa mu ún."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí. "Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń pọn omi kọjá níwájú ilé yìí. Òní ni wọ́n wá ń bẹ̀ mí kí n mu omi nínú rẹ̀." Ó ṣí ìgò náà, ó mu ún dé ìdajì, ó sì gbé e kalẹ̀ gbì.

Ọ̀rọ̀ rédíò ló bí gbogbo èyí. Ní oṣù tó kọjá, àwọn aṣòfin fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko jíròrò lórí ara wọn. Wọ́n ní òfin ní kí aṣòfin ní ilé láàárín àwọn tó dìbò fún un, iṣẹ́ sì ní kó máa gbé ní olú ìlú, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù kò tó gbọ́ bùkátà ilé kan, ká má tíì sọ ti méjì. Ohùn àbúrò ọkọ Aránṣọ ló ròkè jù. Ó ní tí a bá fẹ́ kí àgbà òṣìṣẹ́ má jalè, kí á má jẹ́ kí ebi pa á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n wá fẹnu kò pé aṣòfin tó bá ní ilé kejì yóò máa gba owó ìtọ́jú ilé lóṣooṣù, owó tí Aránṣọ kò lè rán aṣọ kó tó o bó fi ọdún méjì jókòó ti ẹ̀rọ. Àmọ́ wọ́n ní ayẹ̀wò yóò wà: òṣìṣẹ́ ìjọba yóò wá fojú ara rẹ̀ rí ilé náà, ẹnì kan tó ń gbé nítòsí yóò sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí.

Ìwé ẹ̀rí náà ni Ó-ti-parí fà yọ báyìí.

"Ẹ kàn fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí lọ́la, níwájú wọn. Agogo mẹ́wàá ni wọ́n máa dé."

Aránṣọ gbà á, ó kà á. *Mo jẹ́rìí pé Ọ́nárébù ló kọ́ ilé yìí, òun ló ni ín, òun ló sì ń gbé inú rẹ̀.* Ó tún un kà.

"Ó kọ́ ọ?"

"Gírámà lásán ni, Àǹtí. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Bí mo bá fọwọ́ sí èyí, mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé mi ò ní nǹkan kan níbí láéláé."

Ó-ti-parí rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í dá ro nǹkan. "Yàrá ẹ̀yìn yẹn, Ọ́nárébù ló fi ta yín lọ́rẹ. Wọ́n ní bí ayẹ̀wò yìí bá dàrú, kí ẹ wá ibòmíràn lọ. Ẹ sì ń tọ́jú màmá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti màmá." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Kí ẹ lè gbálẹ̀ láàárọ̀, kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀. Òórùn ilé òfo ti pọ̀ jù níbí."

Màmá tó ń wí ni ìyá Aṣòfin. Òun ló bí Aṣòfin, òun náà ló bí kafíńtà tó kú. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ìrísí ènìyàn ló ń rí, kì í rí ojú wọn. Ilé ńlá ló ń gbé nígbà ayé kafíńtà. Aṣòfin mú un lọ sí olú ìlú nígbà kan, ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti dá a padà, wọ́n ní àlejò pọ̀ nílé, kò ní sí ìsinmi fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sùn ní yàrá pákó. Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín wọn, garawa sì wà ní igun tí òrùlé ti ń jò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Aránṣọ ka ìwé náà sókè fún un.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu. "Òun ló kọ́ ọ? Ọmọ tí kò lè kan ìṣó mọ́ igi! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lókè òrùlé, abẹ́ ibòji ló jókòó sí, ó ń ka iye ìṣó tó bọ́ sílẹ̀." Ó nu ojú. "Ṣé wàá fọwọ́ sí i?"

"Màámi, bí mi ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á lé wa."

"Mi ò bi ọ́ bóyá wọ́n á lé wa. Mo ní ṣé wàá fọwọ́ sí i?"

Aránṣọ ń ro ibi tí ènìyàn lè gbé arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Ẹ̀rù bà á, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò bà á. "Ọmọ yín ni, Màámi," ló sọ níkẹyìn.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí i. Èmi náà ni mo bí èyí tó kú." Ó na ọwọ́ wá ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí ó fi bá a. "Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, ìyàwó mi, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n. Ó ti ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwọ má bá a ta ọkọ rẹ."

*

Ọkọ̀ méjì ló dé lọ́jọ́ kejì. Aṣòfin bọ́ sílẹ̀ nínú èyí tó ń dán, fóònù wà létí rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, màmá," ló wí, ó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lọ, débi pé ìyá rẹ̀ kò mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ náà ni tirẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kejì tó ti gbó, téèpù ìwọ̀n rọ̀ sí ọrùn rẹ̀. Òun ni ayẹ̀wòlé. Ó wo téèpù tó wà lọ́rùn Aránṣọ, Aránṣọ náà wo tirẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀nà iṣẹ́ obìnrin yìí yàtọ̀. Kì í bi onílé ní ìbéèrè ńlá, kì í sì tètè wo ìwé. Nǹkan kéékèèké ló máa ń ní kí wọ́n bá òun ṣe. Ó ní ìwé a máa purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń gbé ilé mọ ilé.

"Ẹ bá mi tan iná pálọ̀, sà."

Aṣòfin na ọwọ́ sí ara ògiri tó súnmọ́ ilẹ̀kùn, kò bá nǹkan kan. Ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ló máa ń tan iná."

"Kò burú, sà. Ẹ jẹ́ ká wo yàrá tí ẹ ń sùn."

Yàrá náà ni ìjọ̀ngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá yìí, kafíńtà ti gbé e kọ́ kí wọ́n tó rẹ́ ilẹ̀, nígbà tí sìmẹ́ńtì sì gbẹ, ìdí ilẹ̀kùn ń ha ilẹ̀. Ó ní òun yóò fá a. Ọdún mọ́kànlá ló fi wí bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ a máa bú u pé ilẹ̀kùn oníbàárà ń ṣí geere, ti ilé tirẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́, òun náà a máa dáhùn pé olè ni kò ní lè ṣí i. Ènìyàn ní láti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kó gbé e sókè díẹ̀, kó tó tì í. Lánàá, Aránṣọ ti ṣí i sílẹ̀ kí Ó-ti-parí tó gbé àpótí wọlé. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tó gbálẹ̀ tán, ó pa á dé.

Aṣòfin yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó tì í. Kò lọ. Ó fi èjìká tì í.

"Òjò ló mú un wú," ló wí.

"Ó ti parí, sà," ni Ó-ti-parí wí, ó sì fi èjìká tirẹ̀ kún un. Àwọn ọkùnrin méjì ń làágùn sí ara ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ayẹ̀wòlé sì ká ọwọ́ gbera, ó ń wò wọ́n.

Ìró ọ̀pá ìtìlẹ̀ dún lẹ́yìn wọn. "Ẹ yà fún mi," ni Ìyá àgbà wí. Ó fi ọwọ́ tọ ara ògiri dé ibẹ̀, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ tó sùn, ó fi orí ìka ẹsẹ̀ tì í. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ayẹ̀wòlé wọlé. Ó wo aṣọ orí àga, ó wo búrọ́ọ̀ṣì tútù, ó wo ìgò omi. "Ìyá, yàrá ta nìyí?"

"Yàrá ọmọ mi ni."

Aṣòfin mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́?"

"Èyí tó kú," ni arúgbó náà fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Aṣòfin ní ogbó ti dé sí màmá, kí wọ́n má dá a lóhùn. Ó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Ó-ti-parí, ó gbé e síwájú Aránṣọ pẹ̀lú bírò tó ń tàn yòò. "Ìyàwó wa, ẹ fọwọ́ sí i ká máa lọ." Ó tẹ̀ sí etí rẹ̀. "Ẹ rántí ibi tí ẹ ń sùn o."

"Mo rántí ibi tí mò ń sùn," ni Aránṣọ dáhùn, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bíi tirẹ̀. "Ibi tí ọkọ mi ń kó pákó sí ni. Màámi náà ń sùn síbẹ̀. Òjò tó rọ̀ lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni garawa kún." Ó dá bírò padà fún un, ó kọjú sí ayẹ̀wòlé. "Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi àti ọkọ mi la kọ́ ilé yìí. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọ́nárébù, àwa la fi ọwọ́ wa kó o fún wọn, ẹ̀bi wa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sùn síbí láti ọdún mẹ́ta. Aṣọ yẹn, àná ló dé. Omi tó wà nínú ìgò yẹn, èmi ni mo mu ún."

"Ìyàwó!"

"Ẹ pariwo mọ́ mi bí ẹ bá fẹ́. Mi ò ní fọwọ́ sí i."

Ojú Aṣòfin pọ́n. Ohun tó tún jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn ló sì mú kó dùn ún láti sọ. "Ẹ̀yin ò mọ ohun tí à ń fojú rí! Kí ilẹ̀ tó mọ́, ogún ènìyàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Owó ilé ìwé, owó ilé ìwòsàn, owó òkú. Ọmọ tèmi ńkọ́? Owó oṣù yẹn kò tó! Ẹ bi aṣòfin èyíkéyìí."

"Mo bi wọ́n, sà," ni ayẹ̀wòlé wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀kan wà nínú yín tó ń sùn lórí àga ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, torí kò rówó gba yàrá ní olú ìlú. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ fi bẹ̀rẹ̀ òfin yìí. Òun kò tíì rí nǹkan kan gbà. Ìgbìmọ̀ yín ní yàrá kan péré ló ní ní ìlú rẹ̀, pé a kì í pe yàrá kan ní ilé."

Aṣòfin jáde. Ìbínú kò jẹ́ kó kí ìyá rẹ̀ pé ó dìgbà. Ó-ti-parí sáré tẹ̀ lé e, ó gbàgbé àpótí, ó gbàgbé bébà rẹ̀, ó sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé sí àpò Aránṣọ.

Lẹ́nu géètì, ayẹ̀wòlé di ọwọ́ Aránṣọ mú. "Ohun tí mo rí ni mo máa kọ. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe, ẹ̀gbọ́n mi, apá mi ò ká a."

*

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, rédíò sọ̀rọ̀. Àwọn aṣòfin ní ayẹ̀wò ilé ń ná ìjọba lówó jù, pé láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu aṣòfin ti tó ẹ̀rí. Kí wọ́n san owó ilé kejì fún gbogbo ẹni tó bá sọ pé òun ní in, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Oníròyìn ka èyí tán, ó kọjá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni Ó-ti-parí ránṣẹ́ pé ó di Sátidé, kí yàrá ẹ̀yìn ṣófo.

Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ó sọ òtítọ́, òtítọ́ kò sì dá ẹnì kan dúró. Owó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ẹ, òun àti arúgbó ni wọ́n ní kó jáde.

"Ìyàwó mi," ni Ìyá àgbà wí látorí bẹ́ẹ̀dì, "kọ́kọ́rọ́ yẹn dà?"

Ní Sátidé, Ó-ti-parí dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì, aláàárù kan àti kafíńtà kan tó gbé irin tí wọ́n fi ń fa ìṣó yọ lọ́wọ́. Wọ́n bá yàrá ẹ̀yìn ní gbígbá mọ́ tónítóní. Kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹní, garawa nìkan ló wà ní igun rẹ̀. "Ó ti parí," ni Ó-ti-parí wí, inú rẹ̀ sì dùn pé kò la ariwo lọ. Ìgbà náà ló gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé ńlá.

Ó ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ yí, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó rántí arúgbó, ó gbé ilẹ̀kùn sókè bó ṣe rí i tó ṣe, kò ṣí síbẹ̀. Igi líle kan tó nípọn bí itan ọkùnrin ló dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, ọkọ Aránṣọ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ lọ́dún tí wọ́n kó wọlé.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Ìyá àgbà ni.

"Èmi ni, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ọ́nárébù ní kí ẹ jáde."

"Bá mi pè é."

Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó gbé fóònù síbi ihò kọ́kọ́rọ́. Àwọn aládùúgbò ti ń péjọ sẹ́nu géètì.

"Ọmọ mi," ni arúgbó náà wí, "mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ń sanwó ilé kejì fún ọ. Ilé kejì náà rèé. Ìyá rẹ ń bẹ nínú rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ lé wa, má rán ọmọ ọlọ́mọ. Wá fúnra rẹ. Wá gbé mi sọ sójú títì, lójú àwọn tó dìbò fún ọ."

"Ní kí kafíńtà yọ ilẹ̀kùn," ni Aṣòfin wí, ó sì pa fóònù.

Kafíńtà náà súnmọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé irin rẹ̀ sókè, ó sì dá dúró. Ó fi àtàńpàkò tọ ibi tí igi méjì ti pàdé lára ilẹ̀kùn náà, ibi tí kò sí ìṣó kankan, tí ọwọ́ nìkan mú kí wọ́n wọnú ara wọn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá mi ló ṣe ilẹ̀kùn yìí," ló wí. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́."

"Ṣé mo bi ọ́?" ni Ó-ti-parí wí.

Kafíńtà kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sápò, ó la àárín àwọn aládùúgbò kọjá, ó lọ. Aláàárù wò ó títí, òun náà tẹ̀ lé e.

Fóònù tún dún. Ó-ti-parí jókòó sórí àtẹ̀gùn kó tó gbé e.

"Ṣé ó ti parí?" ni ọ̀gá rẹ̀ béèrè.

Nínú ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó-ti-parí gbọ́ ọ, ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó lẹ́nu géètì.

"Rárá, sà," ló wí. "Wọ́n wà nílé."